Spitfire "Nigeria Oyo Province": báwo la ṣe ń kun kámúfíláàjì àti pùròpẹ́là rẹ̀?

Ọmọ_Mápó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí i kí n tó ba nǹkan jẹ́ pátápátá.

Bàálù ike kékeré mẹ́ta ni mo ti tò pọ̀ rí, àwọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì máa ń kun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti imú dé ìrù. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí yàtọ̀. Spitfire Mk Vb ni, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé ojúlówó gùn tó o lọ́nà méjìléláàádọ́rin. Bàálù gidi tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ AB216 ni mo fẹ́ fi ṣe, ìyẹn èyí tó ní lẹ́tà DL-Z lára, tí wọ́n kọ "Nigeria Oyo Province" sí lára nígbà ogun Hitler. Ìbàdàn ni mo wà, abẹ́ Oyo Province sì ni Ìbàdàn wà nígbà náà. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n máa ń sọ fún wa bí bàbá tiwọn ṣe yọ sísì lápò nígbà tí wọ́n ń gba owó ogun kiri àdúgbò. Mo fẹ́ gbé bàálù yìí síwájú wọn lọ́jọ́ ìbí wọn, mo sì fẹ́ kó jọ ara rẹ̀.

Wàhálà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kámúfíláàjì, ìyẹn àwọ̀ méjì tí wọ́n fi ń pa bàálù mọ́ lójú ọ̀tá. Mo kun àwọ̀ eérú, mo lẹ tépù, mo wá kun àwọ̀ ewé lé e. Nígbà tí mo ṣí tépù, ó ká eérú kúrò lára apá òsì, ike hàn síta. Níbi tí kò ti ká, ọ̀dà ti yọ́ wọ abẹ́ tépù, etí rẹ̀ wá rí págunpàgun. Èkejì ni pùròpẹ́là. Mo kun ewé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn apá tó ń yí níwájú bàálù, dúdú, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ yẹ́lò sí ṣóńṣó wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kùn, kò mọ́ síbẹ̀, ńṣe ló ń fà sí àwọ̀ ewé. Ọ̀kan tún gùn ju èkejì lọ. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra airbrush tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Alọ́dà_Mọ́tò

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀dà mọ́tò niṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́rìndínlógún, bàálù kékeré ni mo fi ń sinmi lálẹ́. Ohun tó ṣe ọ́ lápá òsì yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń rí i lára bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Má bú tépù. Abẹ́ ọ̀dà náà ni ìṣòro wà: ọ̀dà tó bá di ara nǹkan mú kì í bá tépù lọ.

Ike kíìtì, ìyẹn àwọn ègé bàálù tí o rà, máa ń ní òróró lára, èyí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ra gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kó o jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pírámà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, kó fẹ́lẹ́. Jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Bákan náà ni àwọ̀ eérú: tó bá ti gbẹ lójú, inú rẹ̀ lè ṣì tutù, má lẹ nǹkan mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.

Tépù tí àwa fi ń bo dígí mọ́tò le jù fún iṣẹ́ yìí. Ra ti àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun náà, kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí agbára rẹ̀ dínkù. Tí o bá ń ṣí i, má fà á sókè. Ṣẹ́ ẹ padà sórí ara rẹ̀, kó máa bá ara bàálù rìn, kó o máa fà á díẹ̀díẹ̀.

Ti ọ̀dà tó ń yọ́ wọ abẹ́: lẹ́yìn tí o bá lẹ tépù tán, kọ́kọ́ fọ́n eérú kan náà sí etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá máa yọ́, eérú ló máa yọ́ sórí eérú, ojú ò ní rí i, ọ̀nà á sì ti dí kí àwọ̀ ewé tó dé. Ohun tí mò ń ṣe lára mọ́tò aláwọ̀ méjì nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí.

Kí ẹ máa wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Lásìkò òjò, ọ̀dà lákà tí a fi tínà pò máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á wá funfun bíi pé ẹnìkan wọ́n pọ́dà sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Abọ́ ike ńlá ni mo máa ń dojú rẹ̀ dé iṣẹ́ mi títí á fi gbẹ.

Ìyá_Hawkinge

Ọmọ_Mápó, inú mi dùn sí bàálù tí o yàn. Kent ni mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hawkinge ò sì jìnnà sí wa, lẹ́bàá Folkestone. Pápá yẹn ni 91 Squadron, ẹgbẹ́ bàálù ogun tó ni AB216, ti ń gbéra. Oṣù January 1941 ni wọ́n tún un dá sílẹ̀, "Nigeria" ni wọ́n fi kún orúkọ rẹ̀ nítorí owó tí àwọn èèyàn wa dá. £5,000 ni iye tí wọ́n fi lé Spitfire kan nígbà náà: ìlú tàbí ẹgbẹ́ tó bá kó iye yẹn wá, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀kan. Iṣẹ́ squadron náà ni kí wọ́n máa gbójú sórí omi tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, kí wọ́n máa ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Jámánì. Oxspring tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní 1942 fi AB216 fò. Fọ́tò rẹ̀ lójú òfuurufú wà lọ́wọ́ Imperial War Museums. Wá a jáde kó o tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó o gbé e kọ́ síwájú rẹ bí o bá ń kùn.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kun Spitfire èyíkéyìí ní àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé, torí òun ni wọ́n ń rí jù nínú fọ́tò ogun 1940. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti August 1941 ni wọ́n ti yí i padà, torí pé ìjà ti kúrò lórí oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti dé orí omi àti òkè lọ́hùn-ún, àwọ̀ ilẹ̀ ò sì fi bàálù pamọ́ níbẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ di Ocean Grey àti Dark Green, abẹ́ rẹ̀ di Medium Sea Grey. Spínà, ìyẹn ṣóńṣó tó bo ìdí pùròpẹ́là, jẹ́ Sky, èyí tí í ṣe àwọ̀ ewé tó ṣá rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀já tó yí ìdí ìrù ká àti lẹ́tà DL-Z náà jẹ́ Sky. Ọ̀já yẹn fẹ̀ tó íǹṣì 18 lára ojúlówó, ó di mìlímítà 6.35 lára tìrẹ. Má gbàgbé ìlà yẹ́lò tó wà létí iwájú apá, láti ìta ìbọn ńlá dé ìpẹ̀kun apá. Òun ni kó o kọ́kọ́ kùn, kó o bò ó, kó o tó fọwọ́ kan eérú.

Nínú ọ̀dà Tamiya, XF-82 ni Ocean Grey, XF-81 ni Dark Green, XF-83 ni Medium Sea Grey. Tí o ò bá rí Ocean Grey rà, má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Nígbà tí àṣẹ yẹn jáde, àwọn RAF, ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gan-an ò ní in tó. Ìdá méje Medium Sea Grey ni wọ́n pò mọ́ ìdá kan dúdú. Pò ó bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ni ìwọ náà ṣe yẹn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kí ará ìlú òyìnbó bá òun kó ọ̀dà wálé: ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ fọ́n, ẹ̀nàmẹ́ẹ̀lì àti lákà ò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù bàálù, wọ́n lè gbiná. Ọ̀dà olómi bíi Vallejo ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kó.

Onísùúrù_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti etí kámúfíláàjì, ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bí ààlà àwọ̀ méjì yẹn ṣe yẹ kó rọ̀ tó. Ká ní ọ̀dà kan wọ inú èkejì ní íǹṣì kan lára ojúlówó. Ní 1/72, ìyẹn kò ju 0.35 mìlímítà lọ, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tín-ín-rín ju ojú lọ. Nítorí náà, Spitfire tí ààlà rẹ̀ rí bí èéfín, tó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta, bàálù ẹlòmíì ló jọ. Ṣùgbọ́n bó bá gé gédégédé jù náà, á dà bí ìwé tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó wà láàárín méjèèjì la ń wá.

Blu-Tack, nǹkan rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, ni mo fi ń rí i. Mo máa yí i lórí tábìlì pẹ̀lú ìka títí á fi tín-ín-rín bíi sìpàgẹ́tì, kó nípọn tó mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Mo máa wá tẹ́ ẹ lọ lórí ilà tí mo fi pẹ́ńsù fà, kí n rọra fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó má bàa gbéra. Àyè tí Blu-Tack náà yí ká, tépù àti ìwé ìròyìn kéékèèké ni mo fi ń dí i. Torí pé ara Blu-Tack yẹn ṣe róbótó, ọ̀dà díẹ̀ á wọ abẹ́ etí rẹ̀, ààlà á sì rọ̀ níwọ̀nba. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: òkè gangan ni kó o ti máa fọ́n ọ̀dà, kí imú airbrush dojú kọ ìsàlẹ̀ tààrà. Bó o bá fọ́n ọn láti ẹ̀gbẹ́, apá kan ààlà á rọ̀ jù, apá kejì á mú bí abẹ. Agbára afẹ́fẹ́ tèmi kì í ju 15 psi lọ lójú òṣùwọ̀n kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ọ̀dà á sì ṣàn bíi wàrà. Mo máa ń fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò kì í fẹ́ kó bò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ti àwòrán ààlà fúnra rẹ̀, gbé ìwé inú kíìtì lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n sún un kì títí apá bàálù inú ìwé á fi gùn tó mìlímítà 156 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Iye tí apá Spitfire ń jẹ́ ní 1/72 nìyẹn. Gé e, tẹ́ ẹ lé apá, fà á. Kí ilà má sì já níbi tí apá ti pàdé ara: ó gbọ́dọ̀ gun ara bàálù lọ láìdúró, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kun apá kó tó lẹ̀ mọ́ ara.

Ẹni tí kò ní airbrush, búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ àti Vallejo tí a fi omi là díẹ̀ á ṣe é. Ìlà tó o bá ti fà, má padà sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Tamiya ò dára fún búrọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀, torí ìlà kejì máa ń hú ti àkọ́kọ́.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Pùròpẹ́là kù, ó sì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ, torí ibẹ̀ lojú èèyàn ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mápó, ẹ̀yin lẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Yẹ́lò kì í bo dúdú, ẹ ò báà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á máa fà sí àwọ̀ ewé ni. Ẹ fi sípíríìtì nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Bí ewé rẹ̀ bá nípọn bíi ṣíbí, ẹ fi sáńpépà rọra fá etí rẹ̀ kó fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ki igi ìtayín bọ ihò ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ gún igi náà mọ́ ègé iṣu tútù, kí ọwọ́ yín má bàa kàn án títí ẹ ó fi parí.

Ṣóńṣó nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kun funfun. Tó bá gbẹ, yẹ́lò lé funfun lórí, ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Á mọ́ bí ìyeyè tó pọ́n. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi tépù bo ibi tí yẹ́lò yóò kù sí, iwájú àti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì kun ìyókù dúdú.

Íǹṣì mẹ́rin ni yẹ́lò yẹn lára ojúlówó. Ní 1/72, ó jẹ́ mìlímítà 1.4, ẹni tó ń ṣe 1/48, 2.1 ni. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba, ẹ mú kọ́ńpáàsì àwọn ọmọ ilé ìwé, kẹ́ ẹ yí òbírí kan sórí ìwé tó máa kan ṣóńṣó ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láìgbé ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì kúrò lójú kan náà, ẹ dín in kù ní 1.4, kẹ́ ẹ tún yí òmíràn. Ẹ tẹ́ pùròpẹ́là lé e, kí àárín rẹ̀ bá ojú ihò yẹn mu. Ibi tí òbírí inú bá ti kan ewé kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni etí tépù máa dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é báyìí, mi ò fi ojú díwọ̀n rẹ̀ mọ́.

Dúdú náà, kò yẹ kó jẹ́ dúdú kirikiri. Lára nǹkan kékeré, á dà bí ihò. XF-85 tó jẹ́ àwọ̀ táyà ni mò ń lò.

Alọ́dà_Mọ́tò

Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ lórí gbogbo rẹ̀, àyàfi dúdú yẹn. Dúdú gidi ni èmi ń kùn, mo sì ń fi fánísì tí kì í dán bò ó. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú un rọlẹ̀.

Ọmọ_Mápó

Ẹ ò mọ bí ẹ ṣe gbà mí tó. Mo ti fọ apá òsì, mo ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìbéèrè méjì sí i, ẹ má bínú. Mo rí i tí àwọn kan ń fi fàdákà tọ́ etí ewé pùròpẹ́là, bíi pé òkúta ti ha á lára. Ṣé kí n ṣe é? Àti pé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ewé náà dojú kọ ibi tó yẹ? Wọ́n já kúrò lára ìdí wọn nígbà tí mò ń fá wọn.

Ìyá_Hawkinge

Ó dá lórí pùròpẹ́là tí o lò, ọmọ mi. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára Mk V. Ti de Havilland, irin ni ewé rẹ̀, nítorí náà fàdákà díẹ̀ létí iwájú bójú mu. Ti Rotol, ọ̀pọ̀ ewé wọn jẹ́ igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi nǹkan bò lójú. Igi kì í hó di fàdákà. Wo fọ́tò dáadáa, wo bí spínà ṣe rí, kó o fi wé èyí tó wà nínú kíìtì rẹ kó o tó lẹ nǹkan kan. Tí o bá sì máa fi fàdákà sí i, orí kànìnkànìn gbígbẹ ni kó o fi tọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan, kó o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tó dára tí fàdákà bà jẹ́.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ti ibi tó dojú kọ: ewé pùròpẹ́là ní ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti ojú tó wú. Ojú tó wú ló ń wo iwájú, èyí tó tẹ́ ló ń wo awakọ̀. Ó tún ní etí tó nípọn róbótó àti etí tó mú. Èyí tó nípọn ló ń ṣíwájú gé afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì Merlin tó wà lára Mk V ń yí bí ọwọ́ aago bí èèyàn bá jókòó sí àyè awakọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró síwájú bàálù tí ẹ̀ ń wo imú rẹ̀, ewé tó dúró lókè ń lọ sí ọwọ́ òsì yín. Ẹ rí i dájú pé etí tó nípọn ló wà lọ́wọ́ òsì.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ń ṣe ti 91 Squadron, ṣùgbọ́n Mk XII ti 1943 ni. Ṣé ohun kan náà ni?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Rárá o, ó dáa tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ́ńjìnnì Griffon ló wà nínú Mk XII, òdìkejì ló ń yí sí. Ewé mẹ́rin ló ní, etí tó nípọn lára ewé òkè á sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Yẹ́lò ṣì jẹ́ íǹṣì mẹ́rin, dúdú ṣì jẹ́ dúdú. Ẹ má yá ewé lára kíìtì Mk V fún un láéláé.

Ọmọ_Mápó

Mo ti parí ọ̀dà lánàá. Mo lo Blu-Tack bí Onísùúrù ṣe wí, òkè gangan ni mo ti fọ́n ọn. Nígbà tí mo ká a kúrò, ọkàn mi ń lù, àmọ́ ààlà náà jáde láti ẹ̀yìn ibi ìjókòó awakọ̀, ó gun apá òsì lọ láìjá, etí rẹ̀ rọ̀ níwọ̀nba. Eérú kan ò ká. Mo pò Ocean Grey fúnra mi, méje sí ọ̀kan, mo fi síríńjì wọ̀n ọ́n. Pùròpẹ́là wà lórí ègé iṣu títí di òwúrọ̀ yìí. Mo gbé e sún mọ́ iná, mo fi rúlà wọn yẹ́lò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wọ́n dọ́gba.

Sítíkà olómi ló kù. Òjò ti ń rọ̀ níbí láti àná, mi ò tíì fọ́n fánísì tó ń dán tí sítíkà máa jókòó lé.

Alọ́dà_Mọ́tò

Má fọ́n ọn lónìí. Dúró di ọ̀sán tí oòrùn bá yọ, kí ilẹ̀ gbẹ. Fọ́n fánísì tó ń dán, jẹ́ kó sùn, lẹ sítíkà, kó o wá fi èyí tí kì í dán parí rẹ̀. Ọjọ́ ìbí bàbá dìgbà wo?

Ọmọ_Mápó

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Sítíkà "Nigeria Oyo Province" ni mo máa lẹ̀ kẹ́yìn. Mo fẹ́ kí bàbá wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń lẹ̀ ẹ́.